Àwọn Ẹyẹ Ọgbà Ìlúwẹ̀ẹ́ Béjidé

Ìgbẹ́ ẹyẹ ló gbé ọmọ náà ṣubú. Fàtímọ̀ ti fi ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ fọ àtẹ̀gùn yẹn ní kùtùkùtù, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ tónítóní, àmọ́ kí oòrùn tó gòkè, àwọn lékeléke tó sùn sórí igi ọdán ti tún fi ìgbẹ́ kùn ún funfun. Ọmọkùnrin náà ń sáré gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi apá gúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Gbogbo ọgbà ló gbọ́ igbe tó ké. Kí Fàtímọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, apá ti wú, egungun ti dá nínú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù ìjọba, jáde ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kó ìyàwó àti ọmọ jáde lọ gbafẹ́, ibi tí wọ́n sì ń kó wọn lọ jù ní Iléṣà ni ọgbà ìlúwẹ̀ẹ́ Olóyè Béjidé, ní ẹ̀yìn ìlú, lójú ọ̀nà Ìwàràjà. Iṣẹ́ pákó ni Béjidé fi là. Ó ti rí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ nígbà tó rìnrìn àjò sí òkè òkun, ó sì délé tán, ó ní àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà gbọ́dọ̀ ní tiwọn. Ó gbẹ́ adágún méjì, ó fi símẹ́ǹtì rẹ́ inú wọn. Ọ̀kan jìn fún àwọn àgbà, èkejì kò kọjá ìbàdí ọmọdé. Ó wá ní kí àwọn wẹ́dà gbé páànù gígùn kan ró sí etí adágún kékeré, páànù dídán tí àwọn ọmọ á gùn dé òkè rẹ̀, wọn á jókòó, wọn á sì yọ̀ wálẹ̀ gbàà sínú omi.

Fàtímọ̀ ni alábòójútó ibẹ̀. Ọmọ alápatà ni, ní Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí wọn kì í jẹ́ kó bá wọn lọ sódò, tí òun náà kì í sì í gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ọkọ rẹ̀, Mùyídéènì, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọbìnrin wọn, Mọ́nsúrátù, ń gbé. Ọjọ́ Àtìní àti Àtàláátà tí ọgbà máa ń wà ní títì ni Fàtímọ̀ ń wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn. Mùyídéènì kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Ó ní obìnrin tó ń bọ́ sínú omi lójú ayé, tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lé àyà, òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ máa pè é fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Fàtímọ̀ ní kó pè é ní iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí, kò tán nínú ẹnì kankan.

Láti ìgbà tí àwọn odò kéékèèké ti gbẹ ni ara Fàtímọ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, lékeléke á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹ̀ka igi ọdán tó nà bo páànù á funfun bí ẹni sá aṣọ sórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àwọn yẹn lọ, àwọn ẹ̀gà á dé pẹ̀lú ariwo wọn, àdàbà á tẹ̀lé wọn, wọn á máa mu omi, wọn á máa ṣa ìrẹsì àti èérún búrẹ́dì nílẹ̀, ìyẹ́ wọn á máa léfòó lójú omi. Fàtímọ̀ á fọ ibí, wọn á ba ọ̀hún jẹ́. Ó di pé bó bá ń jẹun, ojú rẹ̀ á wà lókè. Bó bá ń kírun, etí rẹ̀ á máa gbọ́ ìyẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọmọ tó dá lápá lọ sí ọsibítù, Olóyè Béjidé pè é.

"Fàtímọ̀, ìwọ náà rí i. Àwọn ará rélùwéè láti Òṣogbo ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, tìyàwó tọmọ. Ṣé nínú ìgbẹ́ ẹyẹ ni wọ́n máa wẹ̀?"

"Rárá, Olóyè."

"Ọkọ tìrẹ náà ń bọ̀ pẹ̀lú wọn, àbí?"

"Ó ń bọ̀, sà. Ó ní òun á mú ọmọ dání."

"Ṣé o rí i! Mo ti ránṣẹ́ pe ọdẹ."

Ọdẹ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹyẹ fò, òfuurufú ṣú. Lékeléke kan já bọ́ sínú adágún àwọn ọmọdé, ó fi ìyẹ́ kan ṣoṣo máa lu omi, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé e kiri. Àwọn ọmọ bíi mélòó kan tí ìyá wọn ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé rí i, wọ́n bú sẹ́kún. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kan náà ló ń na ìka sókè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí lékeléke bá ń kọjá, kí èékánná wọn lè funfun. Fàtímọ̀ wọ omi lọ gbé e. Kò tíì dé etí adágún tó fi kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa ìrìn àjò Òṣogbo tó yẹ kó lọ lọ́jọ́ kejì tì, ó fa omi adágún náà gbẹ, ó fi ọwọ́ wá ọta ìbọn nínú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ kí ó má baà gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó ṣì ń fọ símẹ́ǹtì lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àtìní nígbà tí àwọn lékeléke padà wọlé, tí wọ́n tò sórí ẹ̀ka wọn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèṣọlá, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan tó máa ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá ní ọjọ́ Àlàrùbá, bá a níbi tó ti ń wo òkè.

"Ìyá Mọ́nsúrà, ẹ ti rù o."

"Àwọn ẹyẹ yìí ni, Tíṣà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé nípa wọn, kí la fẹ́ ṣe sí wọn?"

"Ẹyẹ kì í wá síbi kan lásán. Ó ní ohun tó ń wá. Àwọn ẹ̀gà àti àdàbà yìí, omi àti oúnjẹ ni wọ́n ń bá níbí. Lékeléke ní tirẹ̀ kò bìkítà fún ìrẹsì, ibi tó máa sùn ló ń wá. Ẹ mú ohun tí kálukú ń wá kúrò, ẹ kò ní í lé wọn kí wọ́n tó lọ." Ó tún ní kó gbé ènìyàn alákìísà kan ró bíi ti inú oko ìrẹsì, ó ní ẹ̀rù rẹ̀ á bà wọ́n. Fàtímọ̀ gbé e ró lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó wọ̀ ọ́ ní ṣòkòtò tó ti gbó. Ní ìrọ̀lẹ́, lékeléke kan bà lé e lórí, ó fẹsẹ̀ kan dúró, ó sùn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò kúrò lọ́kàn Fàtímọ̀. Ó mọ ibi tó ti ń wá.

Làbákẹ́, ìyàwó kékeré Olóyè, ló ń ta oúnjẹ nínú ọgbà. Lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún kékeré ló ń ta ìrẹsì àti dòdò, búrẹ́dì àti mínírà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì bímọ. Bó bá ti tà tán, ó máa ń jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa rún búrẹ́dì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á máa jù ú sílẹ̀ fún ẹyẹ. Bí ẹyẹ bá ti bà, àwọn ọmọdé á sáré jáde nínú omi, wọn á yí i ká, wọn á fara tì í, wọn á ní kó jẹ́ kí àwọn náà bá a jù ú. Ìgbà yẹn nìkan ni Fàtímọ̀ máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ó lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Bó bá jẹ́ ohun tó lè bí mi nínú, kí ló dé tí o fẹ́ sọ ọ́?"

"Oúnjẹ tẹ́ ẹ ń jù fáwọn ẹyẹ ni. Òun ló ń pè wọ́n. Bẹ́ẹ bá lè dáwọ́ rẹ̀ dúró títí Sátidé á fi kọjá…"

Làbákẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí búrẹ́dì. "Èmi ni mo dá ọmọ ọlọ́mọ lápá, àbí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Aǹtí. Wàláhì, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O ti sọ ọ́. Gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé yìí, èmi náà ni. Ó kù kí ẹyẹ náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi." Ó dìde, ó kó àwo rẹ̀ jọ, ó sì da gbogbo búrẹ́dì tó kù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹ̀gà wọ́ wá, wọ́n bo ilẹ̀. Fàtímọ̀ dúró láàárín wọn, ojú ń tì í, kò mọ ibi tí yóò gbà.

Ní ọjọ́ Àlàmísì ni Awóníyì dé láti Ifẹ̀wàrà. Àbúrò Olóyè ni, oko kòkó ló ń dá, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ó gbé agolo kan kalẹ̀ lójúde ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣojú Fàtímọ̀. Oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó nítorí kòkòrò ni. Ó ní kí wọ́n pò ó mọ́ àgbàdo, kí wọ́n fọ́n ọn káàkiri, pé kó tó di ọ̀la, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Mi ò ní í fọ́n ọn," ni Fàtímọ̀ wí.

Awóníyì wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló ní kó o fọ́n ọn?"

"Olóyè, ẹ gbọ́ mi. Ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ kò ní í kú sójú kan. Yóò fò, yóò sì já bọ́ síbi tó bá wù ú. Omi yẹn ni àwọn ọmọ ń bọ́ sí, wọ́n ń gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ẹ̀ka igi ọdán tó bo páànù yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ta okùn sójú omi. Ẹ jẹ́ ká gbé àtíbàbà oúnjẹ lọ sẹ́yìn ọgbà."

"Igi tí àwọn àlejò ń gbé mọ́tò sábẹ́ rẹ̀ ni kí n gé?"

"Ẹ̀ka kan ni, Olóyè, kì í ṣe igi."

Béjidé nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Àwa náà ti gbọ́. Kí Sátidé kọjá ná." Àmọ́ bó ti ń sọ ọ́, kò wo ojú rẹ̀, agolo yẹn ló ń wò. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Fàtímọ̀ fi ń rìn yíká ọgbà. Ó so ìdérí agolo mílíìkì mọ́ okùn kí ó máa tàn yinrinyinrin nínú oòrùn. Ó fọ páànù, ó tún un fọ̀. Ó yẹ ẹ̀yìn àtíbàbà wò, kò rí nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ síbẹ̀.

Ní Sátidé, àwọn ará rélùwéè dé nínú bọ́ọ̀sì ńlá méjì, orin ni wọ́n ń kọ bọ̀. Mùyídéènì sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá funfun, ó di ọwọ́ Mọ́nsúrátù mú. Ó wo aṣọ ìwẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ wọ̀, pẹ̀lú ìró tó ró lé e lórí, ó ní, "Ìyá Mọ́nsúrà, ẹ kú iṣẹ́ o," bí ẹni tó ń kí òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Inú Fàtímọ̀ dùn sí ìkíni yẹn ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ.

Ìdérí agolo ń tàn, àwọn ẹ̀gà kò bà sí etí omi. Àwọn ọmọdé ń yọ̀ wálẹ̀ lórí páànù, wọ́n ń pariwo. Àwọn ọkùnrin bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn sínú omi bí ọmọdé. Mùyídéènì tilẹ̀ ti jókòó sí etí adágún, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Fàtímọ̀ mí kanlẹ̀.

Àdàbà kan já bọ́ láti òkè. Àárín adágún kékeré ló já bọ́ sí, láàárín àwọn ọmọ. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn gbé e sókè, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ń gbọ̀n." Fàtímọ̀ kò tíì dìde tán tí ẹ̀gà méjì tún fi já lulẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, tí wọ́n ń pòyì lójú kan náà.

Ó fọn fèrè. "Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde nínú omi! Ẹ sọ ẹyẹ yẹn sílẹ̀!"

Ó bẹ́ sínú omi, ó ń gbé àwọn kéékèèké sọ́wọ́ ìyá wọn. Ariwo sọ. Lẹ́nu àtíbàbà, Làbákẹ́ dúró pẹ̀lú àdàbà kan ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ara ẹyẹ náà ń gbọ̀n. "Búrẹ́dì mi kọ́ o," ló ń wí fún ẹni tó bá kọjá. "Ẹ bá mi wò ó, búrẹ́dì mi kọ́."

Fàtímọ̀ wo àwọn ọmọ tó jáde. Mọ́nsúrátù kò sí láàárín wọn.

Ẹ̀yìn àtíbàbà ló ti bá a, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà lóṣòó, ó di àgbàdo sọ́wọ́, ó ń ju ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú àdàbà kan tó ti dùbúlẹ̀. Àwọ̀ àgbàdo náà ti yí, ó ń rùn gẹ́gẹ́ bí oko kòkó ti ń rùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fín in.

"Mọ̀mọ́, kò fẹ́ jẹ mọ́," ni ọmọ náà wí.

Fàtímọ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀, àgbàdo fọ́n ká. "Ṣé o jẹ nínú rẹ̀? Mọ́nsúrà! Ṣé o fi kan ẹnu?" Bí ìyá rẹ̀ ti ń mì í tìtì, ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó kàn ń sunkún. Mùyídéènì dé, ó wo ilẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Olóyè Béjidé dé lẹ́yìn rẹ̀, ó rí àgbàdo, ojú rẹ̀ sì di eérú. Ó sáré lọ síbi mọ́tò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wà á.

Wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ náà nílé ìwòsàn, wọ́n fọ ikùn rẹ̀. Fàtímọ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi ṣì ń kán nínú aṣọ rẹ̀. Kò lè jókòó. Ó rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó padà, ó tún rìn lọ. Mùyídéènì fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà ka orúkọ Ọlọ́run, ẹnu rẹ̀ ń yára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Béjidé fi ara ti ògiri. Ó ti di arúgbó lójijì.

"Èmi ni mo ní kí Awóníyì ṣe é," ló sọ. "Mo ní kó wá ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni ò ní í fi rí i. Mo ní kó fọ́n ọn jìnnà sómi. Mo rò pé ó ti jìnnà tó."



Nígbà tí dókítà jáde, ó ní wọn kò rí àgbàdo kankan nínú ikùn ọmọ náà, pé ọwọ́ lásán ló fi kàn án. Ó ní kó sun ọ̀dọ̀ àwọn kí wọ́n lè máa wò ó. Fàtímọ̀ ní Àlìhámúdùlíláhì. Ó gbá ẹsẹ̀ dókítà mú. Nọ́ọ̀sì kan ló gbé e dìde. Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ tí Mọ́nsúrátù ń bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan náà bóyá dòdò wà.

Mùyídéènì kó ìyá àti ọmọ lọ sí ilé bàbá Fàtímọ̀ ní Òkè Baálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ìyẹn gan-an ló ń da Fàtímọ̀ láàmú. Nílé, ó ń gbá ilẹ̀ tí a ti gbá, ó ń fọ aṣọ tó mọ́. Bí àdàbà bá ké lórí páànù òrùlé, á sáré jáde wá ibi tí ọmọ wà. Àwọn ará ilé ń sọ pé ó yẹ kó gbàgbé ọgbà yẹn. Òun kò lè gbàgbé rẹ̀. Ó ń rò ó pé ta ló ń ṣọ́ omi, pé ta ló ṣa àgbàdo yẹn, pé bóyá ọmọ míì ti dé ibẹ̀.

Ó ti ń lọ sí bí ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí mọ́tò Béjidé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olóyè sọ̀ kalẹ̀, Làbákẹ́ tẹ̀lé e. Wọ́n wọlé, Olóyè ṣí fìlà níwájú bàbá Fàtímọ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kankan pamọ́. Ó ní òun ti ti ọgbà, pé Awóníyì àti Ọ̀gbẹ́ni Oyèṣọlá ti ṣa àgbàdo náà títí dórí ẹyọ, wọ́n ti gbẹ́ kòtò jíjìn síbi tó jìnnà sódò, wọ́n sì ti sin ín pọ̀ mọ́ àwọn òkú ẹyẹ. Ó ní òun kò mọ ẹlòmíràn tí òun lè fi omi yẹn lé lọ́wọ́.

Gbogbo ojú yí sí Mùyídéènì. Ó gbọn orí. "Èmi kọ́ ni kẹ́ ẹ bi. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ gbé jáde kó tó wá tiwa. Mo rí i. Òun ni kẹ́ ẹ bi."

Fàtímọ̀ wo ọkọ rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ó yíjú sí Olóyè.

"Ìbọn ò gbọdọ̀ dún níbẹ̀ mọ́. Oògùn kankan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ̀ka igi ọdán yẹn, gígé ni."

"Wọ́n á gé e lọ́la."

"Àtíbàbà oúnjẹ…" Ó wo Làbákẹ́.

"Mo ti gbé e," ni Làbákẹ́ wí. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Mo gbé e lọ sẹ́yìn, mo ra garawa onídèérí fún àjẹkù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ tó ṣẹ́ kù ṣì ń wá mi kiri, Fàtímọ̀. Ebi àti òùngbẹ ń pa wọ́n. Mi ò lè máa wò wọ́n bẹ́ẹ̀."

Fàtímọ̀ bá wọn padà. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń sọ bọ̀ nínú mọ́tò dé Iléṣà, nínú ọ̀rọ̀ náà sì ni Làbákẹ́ ti mú àbá wá pé bóyá òun lè máa bọ́ wọn níbòmíràn. Wọ́n gbé ọpọ́n onípákó kan sí òpin ọgbà, wọ́n bu omi sí i, Làbákẹ́ sì ń fọ́n ìrẹsì yí i ká láràárọ̀. Bí àwọn ẹ̀gà bá ti mọ ibẹ̀, á tún gbé ọpọ́n náà síwájú díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí tó fi dé etí odò tó wà nísàlẹ̀ ilé iṣẹ́ pákó Olóyè, níbi tí ìboòji wà. Àwọn kan tẹ̀lé e. Àwọn kan kọ̀, wọ́n padà sí adágún, wọ́n dúró sí etí símẹ́ǹtì, wọ́n ń fẹjọ́ sùn.

Fún àwọn wọ̀nyí, Fàtímọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ta okùn ọ̀rá tínínrín sójú omi láti etí kan dé èkejì, wọ́n ń tú u láàárọ̀, wọ́n ń ta á padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹyẹ tó bá fẹ́ bà, ìyẹ́ rẹ̀ á kan okùn, á yà lọ láìfarapa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ta á dẹ̀ jù, ẹ̀gà kan kó sí i, Fàtímọ̀ ní láti fi àlùmọ́gàjí já a sílẹ̀ bó ti ń ṣá a lọ́wọ́ jẹ. Wọ́n tún un ta, wọ́n fà á le. Ìdérí agolo tó ń tàn náà kò ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ. Àwọn ẹyẹ mọ̀ ọ́n lójú, àfi kí wọ́n máa gbé e kúrò níbí lọ sọ́hùn-ún.

Nígbà tí wọ́n gé ẹ̀ka igi ọdán tán, àwọn lékeléke dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n yí òkè páànù ká, wọn kò rí ibi bà. Wọ́n yí i títí tí ọ̀rọ̀ wọn fi ń ká Fàtímọ̀ lára, bí ẹni tó délé tó bá ilẹ̀kùn ní títì. Lẹ́yìn náà wọ́n gba òkè lọ, wọ́n sọ̀ sórí àwọn igi tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ pákó. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń la pákó wá fẹjọ́ sun Olóyè pé gbogbo pákó ti funfun.

"Ẹ fi tapólì bò ó," ni Béjidé wí. "Pákó ò ní apá tó lè dá."

Wọ́n ṣí ọgbà padà. Àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ wá, ìròyìn àgbàdo yẹn ti tàn dé ibi gbogbo, àwọn kan kò sì padà wá mọ́ títí láé. Ẹni tó bá wá, Fàtímọ̀ á mú un yí ọgbà ká, á fi ohun tí wọ́n ti ṣe hàn án, kò ní í purọ́ pé ẹyẹ ti tán. Ó ṣì ń fọ páànù ní kùtùkùtù. Bí òjìji bá kọjá lórí omi, ojú rẹ̀ ṣì ń lọ sókè kó tó mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àlejò kò pọ̀, Làbákẹ́ ti odò dé, ọpọ́n òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró sí etí adágún kékeré. Àwọn ọmọ bíi mẹ́ta tó wà nínú omi pè é. "Mọ̀mọ́ oníbúrẹ́dì, ẹ wá!"

"Èmi kẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n."

Fàtímọ̀ na ọwọ́ sí i láti inú omi. "Kò jìn, Aǹtí. Ẹ fi ìró yín sórí àpótí yẹn."

Làbákẹ́ wò yíká bóyá Olóyè ń bọ̀. Ó wo omi. Ó bọ́ bàtà, ó sì fi ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀, ó pariwo pé ó tutù, ó fi èkejì wọ̀ ọ́, ó di ọwọ́ Fàtímọ̀ mú ṣinṣin. Àwọn ọmọ fẹsẹ̀ lu omi sí i lára. Ó gbé díẹ̀ mì, ó wúkọ́, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín láàárín ikọ́ náà.

"Má fi mí sílẹ̀ o, Fàtímọ̀."

"Ẹ kọ́kọ́ gbé àgbọ̀n sókè," ni Fàtímọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi lu omi."